Orí Keje: Ta Ló Ń Wọ Ilé Ìwòsàn Alábọ́ọ́dé? Ìlú Ńlá, Ìgbèríko àti Àwọn Ẹkùn Orílẹ̀-èdè Wa

Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rárá, yóò kọ́kọ́ ka orí àwọn ọmọ tó wà níkàlẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìgò. Ìgò abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí a ń gún fún ọmọ tuntun ní apá òsì, sábà máa ń tó ogún ọmọ. Bí ìyẹ̀fun ni oògùn inú rẹ̀ rí; bí wọ́n bá ti fi omi pò ó, wákàtí mẹ́fà péré ló ní láyé. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn, dídànù ni. Ní ilé ìwòsàn kan ní Mushin tàbí Agége, ogún ọmọ lè ti pé kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Ní abúlé tí ọmọ mẹ́ta péré ti wá, tí nọ́ọ̀sì sì mọ̀ pé ìgò kan ṣoṣo ló wà nínú kúlà òun, ohun tí yóò sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ìyá tó pọn ọmọ rìn láti oko, tó ti fi iṣẹ́ àárọ̀ sílẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́, ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Bóyá ni yóò padà wá.

Ètò kan náà ni ìyá ìlú àti ìyá oko ń lò. Oògùn kan náà ni, káàdì kan náà ni, ọ̀fẹ́ sì ni fún àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, bí a bá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ lópin ọdún, abẹ́rẹ́ ọmọ ìlú ti pé, ti ọmọ oko kò pé, ẹnì kan yóò sì jókòó sí ọ́fíìsì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú àwọn ará oko kò tíì là. Mo ti ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì máa ń dùn mí. Ẹni tó bá kọjá níwájú ilé ìwòsàn tí kò yà síbẹ̀ ní ìdí tirẹ̀. Ìdí ará ìlú ńlá kì í ṣe ìdí ará oko, ìdí ará Ṣókótó kì í sì í ṣe ìdí ará Òndó. Iṣẹ́ wa nínú orí yìí ni láti wá ìdí wọ̀nyí rí.

Kí ètò náà tó ní orúkọ

Àwọn ìwé máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ètò ìlera alábọ́ọ́dé láti Alma-Ata, ìlú kan ní Kazakhstan, níbi tí aṣojú orílẹ̀-èdè 134 ti péjọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978. Wọ́n fẹnu kò níbẹ̀ pé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ bá àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ń gbé àti níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kí gbogbo ìlú lè ní in ní iye tí agbára wọn ká. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń lọ ní ilẹ̀ wa ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, dá ibi ìtọ́jú kan sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Kò dúró de ọmọ tó ti rù kan eegun. Ọmọ tí ara rẹ̀ yá gan-an ni wọ́n ní kí àwọn ìyá máa gbé wá, wọn a gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọn a fi àmì kan sí káàdì rẹ̀, ìyá a sì gbé káàdì náà lọ sílé. Ìyá tí kò mọ̀wé lè wo ìlà orí káàdì yẹn kó rí i pé ó ń gòkè tàbí pé ó ti dúró sójú kan. Láti ibẹ̀ ni káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ti tàn kárí ayé.

Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn gbé iṣẹ́ tirẹ̀ lọ sí Ìbàràpá, ó sì fi Igbó-Ọrà ṣe ibùjókòó, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lè kọ́ bí àìsàn ṣe rí láàárín ìlú, kì í ṣe lórí ibùsùn Yù-sí-ẹ́ẹ̀ṣì, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì náà, nìkan. Lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ dé. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, dókítà àwọn ọmọdé, di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ó mú ìjọba ìbílẹ̀ 52 fi ṣe àwòṣe ní 1986, kí wọ́n tó wá fa iṣẹ́ náà lé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́.

Èrò tó dára ni, torí ìjọba ìbílẹ̀ ló sún mọ́ ará ìlú jù. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni apá kan nínú ìyàtọ̀ tí a ń sọ yìí ti gbé gbòǹgbò. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà, ọwọ́ wọn kò dọ́gba. Níbi tí alága ti bìkítà tí owó sì ń wọlé, òṣìṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́, oògùn wà lórí pẹpẹ. Níbi tí owó oṣù kò ti wọlé fún oṣù mẹ́rin, nọ́ọ̀sì ti ń ta ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ìjọba. Láti 2011 ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti kó gbogbo ètò yìí sábẹ́ àjọ kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òfin ìlera ti 2014 sì ya owó kan sọ́tọ̀, ó kéré tán ìdá kan nínú 100 owó àpò ìjọba àpapọ̀, fún ìtọ́jú tó jẹ́ kòṣeémánìí. Ọ̀nà tí owó náà ń gbà kí ó tó dé abúlé ṣì gùn.

Ohun tí ìṣirò sọ, àti ohun tí kò sọ

Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 lórí ìlera àti iye ènìyàn fi hàn pé nínú ìbímọ 100, 39 ló wáyé ní ilé ìwòsàn. Ní ìlú ńlá ó jẹ́ 61. Ní ìgbèríko ó jẹ́ 26. Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, nínú ọmọ 100 tó wà láàárín oṣù 12 sí 23, 31 péré ló ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ ìpìlẹ̀: 44 ní ìlú, 23 ní ìgbèríko. Ẹni tó bá dúró síbí yóò rò pé ọ̀rọ̀ ìlú àti oko nìkan ni.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ẹkùn. Ní àríwá ìwọ̀-oòrùn, ìbímọ 16 nínú 100 ló wáyé ní ilé ìwòsàn. Ní gúúsù ìlà-oòrùn, 82. Ọmọ márùn-ún nínú 100 ni abẹ́rẹ́ wọn pé ní Ṣókótó. Ní Anambra, 76. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹkùn sí ẹkùn tóbi ju èyí tó wà láàárín ìlú àti ìgbèríko lọ. Ẹ tún kíyè sí i pé gúúsù ìlà-oòrùn ló ṣíwájú, kì í ṣe ẹkùn tí Èkó wà. Àwọn ìjọ ajíhìnrere ti kọ́ ilé ìbímọ sí ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé Igbo láti ayé òyìnbó amúnisìn, bíbímọ ní ilé ìwòsàn sì ti di ohun tí ìyá ń bá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Owó nìkan kọ́ ló ń mú ènìyàn lo ilé ìwòsàn. Àṣà náà ń mú un lò ó, àṣà sì nílò ilé tó ti pẹ́ níbẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbójú fò. Ìṣirò 61 tí ìlú ńlá ní yẹn kò sọ irú ilé ìwòsàn tí wọ́n bímọ sí. Ilé ìwòsàn ìjọba tí a ń pè ní Jẹ́nẹ́rà wà nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn aládàáni wà nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé náà wà nínú rẹ̀. Kò tọ́ láti fi í ṣe ẹ̀rí pé ará ìlú fẹ́ràn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ju ará oko lọ. Ní àdúgbò púpọ̀ ní Èkó, òdì kejì ni a máa bá.

Ọ̀nà ló jìn ní oko, aago ló ń dènà ní ìlú

Ní 1968, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Ronald Andersen, pín ohun tó ń mú ènìyàn lo ìtọ́jú sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tó ti wà lára ẹni kí àìsàn tó dé, bí ọjọ́ orí, ẹ̀kọ́ àti ìgbàgbọ́, ohun tó ń fún ẹni láyè, bí owó, ọ̀nà àti ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, àti bí àìsàn náà ṣe le tó. Ìpín náà wúlò, ṣùgbọ́n èmi rí i pé apá àkọ́kọ́ ni a máa ń gbá mú jù ní ọ̀dọ̀ wa. A ó béèrè ìwé mélòó ni obìnrin kà, a kò ní béèrè aago mélòó ni ilé ìwòsàn ń tì.

Ní oko, ọ̀nà ni ìṣòro. Ẹni tó ń gbé ní abà kòkó kan lẹ́yìn Ìdànrè kò fi kìlómítà nìkan ka ọ̀nà. Owó ọ̀kadà ló fi ń kà á, ó sì mọ̀ pé iye tí ọlọ́kadà ń gbà lọ́sàn-án kọ́ ni yóò gbà lóru, bí òjò bá sì rọ̀, kò ní wá rárá. Ìgbà náà tún wà nínú rẹ̀. Àsìkò òjò ni ẹ̀fọn ń pọ̀ tí ibà ń gbilẹ̀, àsìkò yẹn gan-an ni owó ń gbẹ lápò àgbẹ̀, nítorí pé láti oṣù kẹwàá lọ ni kòkó ń gbó dáadáa. Ìgbà tí àìsàn pọ̀ jù ni owó ìtọ́jú ṣọ̀wọ́n jù. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá fi ọjọ́ abẹ́rẹ́ sí Wẹ́sìdeè tí ọjà abúlé sì jẹ́ ọrọọrún, ọjọ́ méjèèjì yóò máa pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì máa sá fún ara wọn nígbà púpọ̀. Ìyá kì í fi ọjọ́ ọjà sílẹ̀. Ibi tí òṣìṣẹ́ ìlera bá ti gbọ́n tó láti gbé kúlà rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, ibẹ̀ ni yóò ti rí ọmọ gún lábẹ́rẹ́.

Ní ìlú ńlá, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lè wà ní òpópónà kejì. Aago ló ń dènà. Obìnrin tó ń tajà ní Ọyíngbò ti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì ní padà títí alẹ́ fi lẹ́. Ilé ìwòsàn ṣí lẹ́yìn tó jáde, ọ̀pọ̀ wọn sì ti tilẹ̀kùn lágogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láti lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì de káàdì, owó ọjọ́ náà ti lọ. Kẹ́mísì tó wà lẹ́nu àbáwọlé àdúgbò rẹ̀ ṣí títí di aago mẹ́wàá òru. Yóò na ọwọ́ wọlé láti ojú fèrèsé, yóò ní, "Ẹ bá mi po oògùn ibà," wọn a pò ó fún un ní iye owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti dé ilé. A mọ ewu tó wà nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀: kò sí ẹni tó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ lè má pé, àìsàn náà lè má tilẹ̀ jẹ́ ibà. Ṣùgbọ́n a kò lè pe obìnrin yẹn ní aláìmọ̀kan. Ó ti ṣírò.

Ìbàdàn: ìlú kan, ìlò mẹ́ta

Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló para pọ̀ jẹ́ Ìbàdàn: márùn-ún ní àárín ìgboro, mẹ́fà yòókù ní ẹ̀yìn odi, bí Ìdó, Akínyẹlé, Lágelú àti Ọnà-Àrà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nípa ìyàtọ̀ ìlò kò nílò láti rìn jìnnà. Kó wọkọ̀ láti Bódìjà dé Bẹẹrẹ, kó tún wọ̀ ọ́ láti Bẹẹrẹ dé abúlé kan ní Ìdó.

Ní Bódìjà, ọ̀pọ̀ ìdílé ní dókítà aládàáni, wọ́n sì ń gba Yù-sí-ẹ́ẹ̀ṣì lọ tààrà bí ọ̀rọ̀ bá le. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò, abẹ́rẹ́ ọmọ nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ ibi tó wà.

Ní Bẹẹrẹ àti àyíká rẹ̀, nínú àwọn agbo ilé tí òrùlé páànù wọn ti pọ́n, ìtọ́jú ń bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ìyá alágbo. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, yóò gbé igbá rẹ̀ kọjá, ìgò oríṣiríṣi nínú rẹ̀, ti jẹ̀díjẹ̀dí lọ́tọ̀, ti ibà lọ́tọ̀, ife kékeré kan lókè. Ó mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé agbo ilé yẹn. Ó mọ ẹni tí inú ń run látàná. Lékè gbogbo rẹ̀, ó ń ta àwìn. Ilé ìwòsàn kì í ta àwìn, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò sì mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí àìsàn bá wá kọjá agbára agbo, Adéọ̀yọ́ ni wọ́n ń gbà lọ. Wọ́n fo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé dá, láti agbo sí ilé ìwòsàn ìjọba ńlá, ọjọ́ ti lọ, owó tí ì bá jẹ́ díẹ̀ sì ti di púpọ̀.

Ní abúlé Ìdó, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Yorùbá máa ń ní ilé, wọ́n á sì ní oko. Ènìyàn lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lóko kó tó wálé. Bí wọ́n bá ka iye ènìyàn àti ilé ìwòsàn, inú ilé ni wọ́n kà á sí, ṣùgbọ́n oko ni ibà ti mú un. Ó lè má sí abẹ́rẹ́ tàbí oògùn kankan nítòsí rẹ̀ ju èyí tí olùtajà kan ń gbé sẹ́yìn alùpùpù kiri.

Kíkọjá méjì

Nínú ìmọ̀ nípa ìlò ilé ìwòsàn, a máa ń wọn kíkọjá: ìyẹn ni iye ènìyàn tó fi ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù sílẹ̀ lọ sí èyí tó jìnnà. Ìwọ̀n náà dára, àmọ́ kíkọjá méjì ló wà, wọn kò sì jọra.

Ará ìlú ń kọjá nítorí pé ó ní ibòmíràn. Ó lè yan ilé ìwòsàn aládàáni, kẹ́mísì, ilé ìgbẹ̀bí ìjọ rẹ̀, tàbí Jẹ́nẹ́rà. Ará oko ń kọjá nítorí pé ó ti dé ibẹ̀ rí, ó sì bá kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ fojú inú wo aláboyún kan tí ìrọbí mú láago méjì òru. Ilé ìwòsàn kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ń gbé ní ìlú ńlá nítorí pé ilé òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ fún un kò ní omi, kò sì ní iná. Kò sí ẹni tó lè bá a wí lórí ìyẹn, òun náà ní ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gidi. Ọkọ aláboyún náà mọ gbogbo èyí. Kò tilẹ̀ yà síbẹ̀. Ilé ìyá agbẹ̀bí ló lọ, torí ìyẹn ń gbé lẹ́yìnkùlé wọn, yóò sì dáhùn bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn.

Bí a bá ka àwọn méjì yìí pọ̀ gẹ́gẹ́ bí "àwọn tí kò lo ilé ìwòsàn," a ó kọ́ ilé tuntun fún ẹni tó nílò òṣìṣẹ́, a ó sì máa ṣe ìlanilọ́yẹ̀ fún ẹni tó nílò kí ilẹ̀kùn ṣí lálẹ́.

Kíkọjá tó ń ba ni nínú jẹ́ jù ni ti tálákà inú ìlú ńlá. Ní Makoko ní Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti dúró lórí òpó nínú ọ̀sà, tí wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ láti ilé kan sí èkejì, àwọn Ègùn tó pọ̀ jù níbẹ̀ ń gbé nínú ìlú tí ilé ìwòsàn pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà. Nínú ìṣirò, ará ìlú ńlá ni wọ́n. Nínú ìgbé ayé, wọ́n sún mọ́ ará oko ju ará Ìkòyí lọ. Ní 1971, dókítà kan tó ń tọ́jú àwọn awakùsà ní Wales, Julian Tudor Hart, kọ ọ́ pé ibi tí àìsàn pọ̀ sí jù ni ìtọ́jú tó dára ti ń ṣọ̀wọ́n jù. Wales ló ń wò. Ó bá Èkó mu.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Òndó

Àwọn onímọ̀ méjì, Thaddeus àti Maine, kọ ọ́ ní 1994 pé ìdádúró mẹ́ta ló ń pa aláboyún: kí wọ́n tó pinnu láti lọ, kí wọ́n tó dé ibẹ̀, àti kí ẹnikẹ́ni tó dá wọn lóhùn nígbà tí wọ́n bá dé. Nígbà tí ìjọba Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè ní Ìpínlẹ̀ Òndó ní 2009, tí wọ́n fi ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ dán an wò, ìdádúró wọ̀nyí ni wọ́n dojú kọ, wọ́n sì fi ìkẹrin kún un, ìyẹn ti gbígbé aláìsàn láti ilé ìwòsàn kékeré lọ sí ńlá. Wọ́n yan òṣìṣẹ́ tó ń tọ aláboyún lọ sílé, wọ́n sì fún àwọn aláboyún ní fóònù tí wọ́n lè fi pè é.

Èyí tó wú mi lórí jù ni Agbẹ̀bíyè, tó tẹ̀ lé e ní 2014. Wọn kò bá ìyá agbẹ̀bí jà. Wọ́n ní kó máa mú aláboyún wá sí ilé ìwòsàn, kó sì gba owó díẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá mú wá, wọ́n sì kọ́ àwọn tó fẹ́ ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Ẹni tí ará abúlé ti gbẹ́kẹ̀ lé tẹ́lẹ̀ ló wá di ẹni tó ń fọwọ́ mú wọn dé ẹnu-ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ẹ̀kọ́ irú èyí wà ní àríwá náà. Ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀, Kano ṣíwájú wọn, dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró nítorí ìbẹ̀rù pé ó ní ohun burúkú nínú. Ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè rí agídí. Ẹni tó bá súnmọ́ ibẹ̀ yóò gbọ́ ìbéèrè àwọn òbí: èéṣe tí ìjọba tí kò fún wa ní oògùn ibà rí fi ń kan ilẹ̀kùn wa lójoojúmọ́ nítorí àìsàn kan ṣoṣo yìí? Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n dáhùn ni. Ìgbà tí àwọn ọba àti àwọn àáfà wọn dá sí i, tí àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n sì ń fún wọn ní ìtọ́jú mìíràn mọ́ ọn, ni ọ̀nà là. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ irú àrùn náà tó jẹ́ ti àdáyébá (wild polio).

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ládùúgbò rẹ, wo iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́ta. Ṣé àwọn ọjọ́ wà tí wọn kò ṣí ìgò rárá? Béèrè ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, má sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

2. Mú kàlẹ́ńdà ọjọ́ ọjà àdúgbò kan àti ti ọjọ́ abẹ́rẹ́ ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n pàdé nínú oṣù mẹ́fà? Ọjọ́ wo ni ìwọ yóò yàn, ta ni yóò sì kọ̀?

3. Jókòó sí iwájú ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí o sì tún padà lọ láago mẹ́sàn-án alẹ́. Kọ iye ènìyàn tó wọlé sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ka àwọn tó dúró lójú fèrèsé kẹ́mísì tó súnmọ́ ibẹ̀ jù láàárín àkókò kan náà, kí o sì bi méjì nínú wọn ìdí tí wọ́n fi yà síbẹ̀.